Ọmọdé Kì Í Ṣe Àgbà Kékeré: Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Fẹ́ Kọ́ Aṣọ Ọmọdé Rírán

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àwọn òbí òde òní ti rí ìdí mìíràn tí òwe yìí fi jóòótọ́: aṣọ ọmọdé kì í rí àyè gbó kó tó kéré sí i lára. Èyí tẹ́ ẹ rán fún Kérésì, kó tó di Iléyá, ọrùn ọwọ́ ti yọ síta. Ẹ ó tún ra aṣọ, ẹ ó tún sanwó télọ̀, télọ̀ náà á tún ní kẹ́ ẹ máa bọ̀ lọ́la. Abájọ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń sọ pé àwọn á kúkú kọ́ ọ fúnra àwọn.

Èrò tó dáa ni. Ànkárá yáàdì 1 tó gáùn ọmọ ọlọ́dún 2, ìyókù aṣọ ẹbí tó wà nísàlẹ̀ àpótí náà sì wúlò. Bẹ́ ẹ bá gé e bàjẹ́, kò dà bí ìgbà tẹ́ ẹ ba lééṣì olówó ńlá jẹ́. Àmọ́ ohun tí mò ń rí ni pé àwọn èèyàn rò pé nǹkan tó kéré gbọ́dọ̀ rọrùn. Wọ́n á mú ìwọ̀n aṣọ àgbà, wọ́n á dín in kù, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Ẹ wo orí ná. Orí ọmọ ọlọ́dún 2 máa ń tó nǹkan bí ínǹṣì 19 yíká, àyà rẹ̀ ò sì fi púpọ̀ jù ú lọ. Bó bá jẹ́ ọrùn nìkan lẹ wọ̀n tẹ́ ẹ fi gé ọrùn aṣọ, orí ò ní kọjá, àfi kẹ́ ẹ la ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ fún bọ́tìnnì. Ikùn ńkọ́? Ti ọmọdé máa ń yọ síwájú, torí náà ẹ má fún aṣọ rẹ̀ mọ́ ọn níbàdí. Ẹ fi ínǹṣì 2 tàbí 3 kún un káàkiri, kó lè rí àyè sáré, kó lè bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí aṣọ há mọ́ lára kò lè ṣàlàyé. Ẹkún ló máa sun, àwọn àlejò á sì ní ọmọ yìí mà ń dààmú èèyàn jù.

Ṣòkòtò onírọ́bà ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kò ní ọrùn, kò ní apá, kò ní síìpù. Ẹ kọ́kọ́ rẹ ànkárá náà sómi, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́, torí aṣọ òwú máa ń sún kì. Ẹ mú ṣòkòtò kan tó bá ọmọ náà mu, ẹ ká a sí méjì, ẹ na rọ́bà rẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ wá yàwòrán rẹ̀ sórí ìwé ìròyìn. Ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ ga ju iwájú lọ díẹ̀ nítorí ìdí. Ẹ fi ààbọ̀ ínǹṣì sílẹ̀ fún ojú rírán, ínǹṣì 1 àtààbọ̀ lókè fún rọ́bà, ínǹṣì 2 fún ìṣẹ́tí ẹsẹ̀. Bí ọmọ bá ga sí i, ẹ ó tú ìṣẹ́tí yẹn, ṣòkòtò á gùn sí i. Tọ́wọ́ bá ti mọ èyí, ó kan bùbá, lẹ́yìn náà gáùn. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

YouTube á fi ọ̀nà hàn yín, àmọ́ ẹ jókòó ti télọ̀ àdúgbò láwọn ọjọ́ Sátidé kan. Bẹ́ ẹ bá máa sanwó ìkọ́ṣẹ́, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: èló ni, oṣù mélòó, ṣé owó fúrídọ̀mù wà nínú rẹ̀?

Èmi tí mo kàwé òfin, ibi tó ká mi lára jù rèé. Láti 1976 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ka okùn tí wọ́n ń fà yíká fìlà ara aṣọ òtútù ọmọdé léèwọ̀. Ní 1996, àjọ tó ń rí sí ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà náà gbé ìlànà jáde lórí okùn ara aṣọ àwọ̀lékè ọmọdé. Ìdí ni pé okùn lè há mọ́ nǹkan níbi tọ́mọ ti ń ṣeré, kó sì fún un lọ́rùn. Nínú yàrá tẹ́ ẹ ti ń ránṣọ, kò sí ọlọ́pàá, kò sí àjọ kankan. Ẹ̀yin lòfin ibẹ̀. Ẹ má fi okùn sọ́rùn aṣọ ọmọ. Bọ́tìnnì àti ìlẹ̀kẹ̀, ẹ fà wọ́n tagbáratagbára kẹ́ ẹ rí i bóyá wọ́n á já, torí ẹnu lọmọ ọwọ́ ń kó nǹkan sí. Ẹ ka píìnì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ tún un kà tẹ́ ẹ bá parí. Bí lééṣì bá le, ẹ fi aṣọ òwú tó rọ̀ tẹ́ inú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé fọ́tò Instagram ti ń yún yín lọ́wọ́, "a ń gba iṣẹ́ o." Ẹ ní sùúrù. Ẹ jẹ́ kọ́mọ yín wọ tiyín ná, kó fi yí nílẹ̀, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ojú rírán ò bá tú, tọ́mọ náà sì tún lọ mú aṣọ yẹn fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin pé òun lòun fẹ́ wọ̀, ẹ lè wá gba owó olówó.