Awò Tó Ń Mú Ọkàn Kúrò Lórí Ìrora: Ṣé Èrè Wà Níbẹ̀ Fún Ilé Ìwòsàn Kékeré?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé ìwòsàn aládàáni mọ̀ pé ìrora máa ń lé oníbàárà sá. Ẹni tí iná jó, tó ti jẹ̀rora nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fọ ojú ọgbẹ́ rẹ̀, lè má padà wá mọ́, kí ọgbẹ́ náà sì bàjẹ́ sí i nílé.

Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni Hunter Hoffman àti David Patterson ti Yunifásítì Washington, ní Seattle, l'Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú nǹkan tuntun fún ní ọdún 1996. Awò ńlá tí kọ̀ǹpútà ń darí ni, virtual reality ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá gbé e sójú kò ní rí nọ́ọ̀sì àti abẹ́rẹ́ mọ́. Àárín yìnyín ni yóò bá ara rẹ̀, tí yóò máa sọ òkò yìnyín. SnowWorld lorúkọ eré náà. Ẹni tí iná jó, yìnyín ni wọ́n fún un!

Ọpọlọ ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé nǹkan ń dùn wá. Tí ọkàn bá wà níbòmíràn, ìrora náà á dín kù. Ìyá tó ń kọrin fún ọmọ tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ ti mọ èyí tipẹ́. Lọ́dún 2004, àwọn Hoffman fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n sì rí i pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú rẹ̀ kan, EaseVRx, fún ẹ̀yìn ríro tó ti di bárakú. Àmọ́ kò rọ́pò oògùn o, ó ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Tí ẹni kan bá fẹ́ rà á sí Ararọ̀mí-Ọ̀pin ńkọ́? Dọ́là 299 ni Meta fi gbé Quest 3S jáde lọ́dún 2024, láìka owó àtigbé e wọlé. Bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ ju nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀ lọ, nítorí náà, ẹ ka owó jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà mọ́ ọn. Ẹ gbọ́dọ̀ máa nù ún dáadáa lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òòyì máa ń kọ́ àwọn mìíràn, ẹni tó ní wárápá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà, Meta sì ní ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 10 kò gbọdọ̀ lò ó.

Lójú tèmi, ilé ìwòsàn tó ń rí aláìsàn díẹ̀ lọ́sẹ̀ kò tíì nílò rẹ̀. Fíìmù orí fóònù lè ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà fún ọmọdé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya fídíò ni mo rò pé owó wà fún. Ta ló ti rìn nínú yìnyín rí ní Ọ̀pin? Ọjà, odò, oko, àti ohùn Yorùbá ni aláìsàn wa yóò fẹ́ rí, tí yóò sì fẹ́ gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè kàn sí Imisi 3D, tí Judith Okonkwo dá sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 2016, nítorí irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń ṣe.