Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ta ló ń pàṣẹ fún awakọ̀ ojú irin?

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ Red Line ní Ìkẹjà àti Agége, ojú irin kan náà ni ọkọ̀ yín àti ti Èkó sí Ìbàdàn jọ ń lò. Báwo ni awakọ̀ ṣe ń mọ̀ pé ọ̀nà là? Yàtọ̀ sí iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé, ọ̀nà méjì yìí náà wà:

📻 Rédíò: awakọ̀ á tẹ bọ́tìnnì, á sọ̀rọ̀, á jù ú sílẹ̀ kó tó gbọ́ èsì. Ariwo ẹ́ńjìnnì lè bo nọ́ńbà inú àṣẹ mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ tún àṣẹ náà sọ padà.

💻 Dátà: kọ̀ǹpútà á fi ibi tí ọkọ̀ lè dé àti iye eré tó lè sá hàn lójú ẹ̀rọ níwájú awakọ̀. Bó bá kọjá ààlà, ẹ̀rọ á tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀.

Ní 2008, awakọ̀ kan kọjá iná pupa ní Chatsworth, California. Èèyàn 25 kú. Lọ́dún yẹn kan náà ni Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí wọ́n lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, rédíò ò tíì kógbá wọlé. Bí màlúù bá dí ọ̀nà, ẹnu ló yá jù.

Ṣùgbọ́n àtohùn àti dátà, kò séyìí tó lè dá ọkọ̀ ojú irin dúró lójijì. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá fẹ́ ré ojú irin kọjá, orí afárá ni kí ẹ gbà!