Owó Ilé Kì Í Ṣe Èrè Nìkan

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, púpọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé owó tí a yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yìí la fi kọ́ ilé tí à ń fi háyà. Ilé náà la gbójú lé pé yóò san gbèsè, yóò sì bọ́ wa lọ́jọ́ ogbó. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ilé kan ládùúgbò: wọn kò tíì pẹ́ púpọ̀, òrùlé ti ń jò, ayálégbé gidi kò sì fẹ́ débẹ̀ mọ́. Kí ló fà á? Onílé ń ná gbogbo owó tó ń wọlé bí ẹni ń ná èrè ọjà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní yàrá mẹ́jọ lẹ ní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú ₦10,000 wá lóṣù. Kíá lẹ máa sọ pé ₦960,000 ni lọ́dún. Àbí yàrá kì í ṣófo ni? Bí méjì bá ṣófo fún oṣù mẹ́ta péré, ₦60,000 ti lọ. Ìyókù náà kì í ṣe tiwa tán. Ní tèmi, mo máa ń yọ náírà kan nínú mẹ́wàá sọ́tọ̀ kí n tó fọwọ́ kan èyí tó kù, n kì í sì í fi í sínú owó ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin ọlọ́jà mọ̀ ọ́n: owó tó bá ti wọnú ọjà, ó di ọjà nìyẹn. Ọjọ́ tí kàfíńtà bá dé, inú ìdì aṣọ lowó wà.

Ojú mi ló rí i kí n tó gbọ́n. Níbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún kan, ayálégbé kan wá bá mi: “Bàbá onílé, ẹ jọ̀ọ́, omi ń kán sí wa lára o.” Mo ní kó gbé ike sí i, ó di ẹ̀ẹ̀rùn. Mi ò mọ̀ pé oòrùn a máa mú páànù nà, tí òtútù òru a sì mú un súnkì. Bó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ihò ìṣó ń fẹ̀ sí i, rọ́bà ìdí ìṣó a gbẹ, a là. Ìṣó díẹ̀ àti iṣẹ́ wákàtí kan ni ì bá tán an. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, igi òrùlé mẹ́ta ti jẹrà, àjà ti já, ayálégbé mi ti kó lọ. Ohun tí mo ná ju owó tí ó ń san fún mi lọ́dún kan lọ.

Rìsíìtì ńkọ́? Ẹ̀yin tí ilé yín wà l’Ékòó, òfin tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣe ní 2011 sọ ọ́ di dandan fún onílé láti kọ ọ́: orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ọjọ́, iye owó, ibi tí ilé wà, àti àkókò tí owó náà wà fún. Òfin kan náà ní kí á fún ẹni tó ń san ọdọọdún ní ìwé oṣù mẹ́fà kí á tó ní kó jáde, àfi bí àdéhùn mìíràn bá wà. Ẹni tó bá lọ ṣí páànù lé ayálégbé lórí nítorí gbèsè, òun gan-an ló rúfin. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dé kóòtù, tí kò sí rìsíìtì, kí lẹ fẹ́ fi hàn pé oṣù báyìí ló jẹ yín?

Ẹni tó bá fẹ́ yáwó àtúnṣe ilé, kó mú ìwé tó ń kọ owó ilé sí dání wá sípàdé. Kó sì ti jẹ́ kí kàfíńtà gun òrùlé wò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.