Àbọ̀ ọ̀rọ̀ kò tó wọn: Ohun tó yẹ kí agbanisíṣẹ́ mọ̀ nípa àwọn tó ní ọ́tísíìmù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Bí a ṣe ń gbé ayé wa nìyẹn. Bí ọ̀gá bá wo aago ara ògiri tó sì wúkọ́, ọmọṣẹ́ ti mọ̀ pé òun ti pẹ́ dé. Bí ìyá bá ṣẹ́jú sí ọmọ rẹ̀ níwájú àlejò, ọmọ ti mọ̀ pé kò yẹ kí òun gba ẹran náà. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé bí a bá sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún wọn, àbọ̀ náà ni yóò wà nínú wọn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kì í ṣe pé wọn kì í ṣe ọmọlúàbí, kì í sì í ṣe pé wọ́n gọ̀. Bí a ṣe dá ọpọlọ wọn ló yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè ní ẹni tó ní ọ́tísíìmù, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni a sì fẹ́ yẹ̀ wò lónìí.

Ọ́tísíìmù kì í ṣe àrùn tí ń ranni, kì í ṣe wèrè, kì í ṣe àfiṣe, kì í sì í ṣe pé ìyá ọmọ ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tí a bí mọ́ èèyàn ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, ẹnì kan nínú èèyàn 127 ló ní i káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fẹ́ wo èèyàn lójú, wọn kì í sì í tètè mọ ohun tí ìrísí ojú tàbí ìyípadà ohùn ń sọ. Bí ètò ọjọ́ bá yí padà lójijì, ọkàn wọn a dàrú. Ariwo tí ẹlòmíràn kò kà sí lè máa dùn wọ́n bí ẹni ń gún wọn lábẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ohun kan bá gbà wọ́n lọ́kàn, wọ́n lè dúró tì í láti òwúrọ̀ dalẹ́. Gbogbo wọn kò sì rí bákan náà. Àwọn kan kì í sọ̀rọ̀ rárá títí ọjọ́ ayé wọn, àwọn mìíràn gboyè ní yunifásítì.

Nígbàkígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ọ́tísíìmù, ọmọdé la sábà máa ń sọ. Ọmọdé kì í sì í wà ní ọmọdé títí. Ìbẹ̀rù tó ń gba oorun lójú àwọn òbí wọn kò ju ẹyọ kan lọ: bí àwa bá ti kú tán, ta ni yóò máa bọ́ ọmọ yìí? Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fi ṣe pàtàkì.

Ẹni àkọ́kọ́ nínú ìwé dókítà

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́ gan-an. Donald Triplett ni orúkọ rẹ̀. Ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Forest, ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1933. Nígbà tó wà ní kékeré, kì í bìkítà bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá wọlé. Nọ́ńbà àti ohun tó bá ń pòòyì ló gbà á lọ́kàn. Ní ọdún 1937, àwọn dókítà ní kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìtọ́jú kan, kí àwọn òbí rẹ̀ gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n mú un lọ, ṣùgbọ́n wọn kò lè gbàgbé rẹ̀. Nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n lọ gbé ọmọ wọn padà sílé.

Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ agbẹjọ́rò, kọ lẹ́tà olójú ewé 33 nípa rẹ̀ sí Dókítà Leo Kanner ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní ìlú Baltimore. Ní ọdún 1943, dókítà náà gbé ìwé jáde lórí àwọn ọmọ 11 tí ìṣesí wọn jọra. Inú ìwé yìí ni orúkọ ọ́tísíìmù ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ipò kan tó dá dúró, Donald sì ni ọmọ kìíní níbẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1942, àwọn òbí Donald fi í sọ́dọ̀ tọkọtaya àgbẹ̀ kan tí oko wọn kò jìnnà sílé. Nígbà tí Dókítà Kanner lọ wò ó níbẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1945, ẹnu yà á sí ọgbọ́n tí tọkọtaya náà ń dá. Wọ́n rí i pé gbogbo nǹkan ni ọmọ náà fẹ́ máa wọ̀n, wọ́n bá ní kó gbẹ́ kànga, kó máa jíṣẹ́ bó ṣe jìn tó. Wọ́n rí i pé ó ń ka poro àgbàdo láìsinmi, wọ́n bá fi ẹṣin àti ohun ìtúlẹ̀ lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó máa kà wọ́n bó ti ń tú wọn. Lójú dókítà náà ni ọmọ yìí ti tu poro gígùn mẹ́fà. Tọkọtaya yìí kò fi pàṣán gba ìṣesí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ ni.

Donald lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga Millsaps, ó gboyè nínú èdè Faransé ní ọdún 1958. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní báǹkì ìlú wọn, ó sì ṣe é fún ohun tó lé ní ọgọ́ta (60) ọdún. Ó kọ́ mọ́tò wíwà nígbà tó di ẹni ọdún 27, ó ń gbá gọ́ọ̀fù, ó sì ń dá rin ìrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ó dágbére fáyé ní ẹni ọdún 89.

Ẹnu ọ̀nà tí kò gba wọ́n

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi pa mọ́: ẹbí ìyá Donald ló ní ìpín tó pọ̀ nínú báǹkì náà. Ojú ọmọ onílé ni wọ́n fi wò ó. Ẹni tí ẹbí rẹ̀ kò ní báǹkì ńkọ́?

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní láti gba ẹnu ọ̀nà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kọjá, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń há sí. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé, kò kí àwọn àgbà tó jókòó dáadáa, nítorí iná tó ń ṣẹ́jú lókè orí wọn ti gbà á lọ́kàn. Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ìbéèrè náà kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò ní òpin. Wọ́n bi í léèrè ibi tó kù sí, ó sì ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, nítorí òtítọ́ ni wọ́n béèrè. Bó bá jáde tán, wọn á ní kò ní ìwà, wọn á ní agbéraga ni. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń wá èèyàn sí ni ti kíka ọjà inú ilé ìkẹ́rùsí, kò sì sí ẹnì kan níbẹ̀ tó gbé ọjà síwájú rẹ̀ pé kó kà á wò.

Bí iṣẹ́ ṣe ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nìyẹn, kódà ní ìlú tí òfin ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ìwádìí tí ìjọba gbé lé Sir Robert Buckland lọ́wọ́ jáde ní oṣù kejì ọdún 2024. Ó fi hàn pé nínú ẹni mẹ́wàá tó ní ọ́tísíìmù tó sì ti tó iṣẹ́ ṣe, bí mẹ́ta péré ló níṣẹ́ lọ́wọ́. Nínú gbogbo àwọn tó ní ìpèníjà kan tàbí òmíràn lápapọ̀, bí márùn-ún nínú mẹ́wàá ni. Nínú àwọn tí kò ní ìpèníjà kankan, bí mẹ́jọ ni.

Ọkùnrin ará Denmark kan, Thorkil Sonne, gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ọmọ rẹ̀ ní ọ́tísíìmù, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ lórí ọjọ́ ọ̀la ọmọ náà. Ní ọdún 2004, ó dá iléeṣẹ́ Specialisterne sílẹ̀. Dípò kí wọ́n máa da ìbéèrè bo èèyàn, wọ́n á kó ohun ìṣeré LEGO tó ní ẹ̀rọ nínú síwájú rẹ̀, wọ́n á ní kó fi kọ́ nǹkan, kó sì mú un ṣiṣẹ́. Bó ṣe ń ṣe é ni wọ́n á wò. Yíyẹ ètò kọ̀ǹpútà wò láti wá àṣìṣe inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe, iṣẹ́ tó máa ń sú ẹlòmíràn kíákíá. Ní ọdún 2013, iléeṣẹ́ ńlá SAP ti ilẹ̀ Jámánì bá wọn dòwò pọ̀ láti máa gba irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé gbogbo wọn ló mọ kọ̀ǹpútà. Ẹlòmíràn nínú wọn, aṣọ rírán ni. Ẹlòmíràn, búrẹ́dì ṣíṣe tàbí ọ̀gbìn. Àwọn tí kò lè ṣiṣẹ́ owó rárá náà wà, iyì ọmọ ènìyàn kò sì kúrò lára wọn nítorí ìyẹn.

Sọ odindi fún wọn

Kí ni agbanisíṣẹ́ lè ṣe? Kò gba owó rẹpẹtẹ. Má ṣe sọ pé “tètè ṣe é”; sọ pé “parí rẹ̀ kó tó di aago méjì.” Kọ iṣẹ́ ọjọ́ náà sínú ìwé, kí o tò ó ní kìíní, kejì, ẹ̀kẹta. Bí ìyípadà kan bá ń bọ̀, sọ ọ́ ṣáájú. Má ṣe fi àga rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀. Fi ẹnì kan hàn án tí yóò máa bi ní ìbéèrè láìsí pé wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín. Bó bá ṣe àṣìṣe, pè é sí kọ̀rọ̀, kí o sọ ohun tó ṣe gan-an àti bí ó ṣe yẹ kó ṣe é. Má pòwe fún un. Sì ṣàlàyé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé bí kò bá kí wọn láàárọ̀, kì í ṣe ìríra. Bí a bá wò ó dáadáa, kò sí òṣìṣẹ́ kankan tí irú ètò yìí kò ní ṣe láǹfààní.

Òfin náà wà ní Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tirẹ̀ lórí àwọn tó ní ìpèníjà láti ọdún 2011. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, buwọ́ lu òfin ìjọba àpapọ̀ tó ka fífi ẹ̀tọ́ dù wọ́n léèwọ̀. Ó ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba rí i pé, bó bá ti lè ṣeé ṣe tó, ó kéré tán 5% nínú òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ àwọn tó ní ìpèníjà. Ti ọpọlọ wà nínú òfin náà bíi ti ara. Ṣùgbọ́n bí a bá gbọ́ “ìpèníjà”, kẹ̀kẹ́ arọ àti ọ̀pá afọ́jú ló ń wá sí wa lọ́kàn. Ọ́tísíìmù kò hàn lójú, nítorí náà ó rọrùn láti pè é ní ìwàkiwà.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má dúró de ìjọba nìkan. Ẹ wo ohun tí ọmọ yín ń ṣe láìsinmi, kí ẹ wo iṣẹ́ tó bá a mu. Ẹ kọ́ ọ ní owó kíkà, ẹ kọ́ ọ ní bí a ṣe ń dá wọ ọkọ̀, kó tó dàgbà.

Ẹbí Donald ní báǹkì. Ọ̀pọ̀ wa kò ní. Ṣùgbọ́n tọkọtaya àgbẹ̀ tó fi ohun ìtúlẹ̀ lé e lọ́wọ́, oko lásán ni wọ́n ní, àti ojú tí wọ́n fi ń wo ọmọ ọlọ́mọ. Àwa náà ní ṣọ́ọ̀bù, a ní oko, a ní ilé ìtẹ̀wé àti ilé ìkẹ́rùsí. Bí ọmọlúàbí kan bá wà níbẹ̀ tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ kò yé, ẹ jẹ́ ká sọ odindi fún un.