Àǹfààní àti Ìnira Gbígbé Lábẹ́ Ẹgbẹ́ Onílé

Láyé àtijọ́, ẹni tí ó ń gbé agbo ilé kò wá ẹgbẹ́ kankan tí yóò bá a ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Baálé ni olórí gbogbo wọn. Òun ni ó ń parí ìjà, òun ni ó ń fi ibi tí a ó kọ́ yàrá sí han ẹni tí ó fẹ́ fẹ ilé lójú, òun náà ni ó sì ń pe àwọn ọ̀dọ́ jọ bí koríko bá ti bo ojú ọ̀nà. Ẹ̀jẹ̀ ni ó so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n lóde òní, bí o bá dé àwọn àdúgbò titun tí ó yí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Ìkòròdú ká, o óò rí i pé ará Ìjẹ̀bú ni ó ni ilé kìíní, ará Èkìtì ni ó ni ìkejì, Ìgbò ni ó ni ìkẹta, olúkúlùkù sì dá ilẹ̀ tirẹ̀ rà. Kò sí baálé kan tí ó jẹ́ ti gbogbo wọn. Àìsí baálé yìí ni ó bí ẹgbẹ́ onílé.

Ẹgbẹ́ onílé ni àpapọ̀ àwọn tí ó kọ́lé sí òpópónà tàbí àdúgbò kan. Wọ́n a máa yan alága, akọ̀wé àti akápò. Wọ́n a máa ṣe ìpàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Wọ́n a sì máa dá owó. Má ṣe ṣì wọ́n mú fún àwọn ọmọ onílẹ̀. Ìdílé tí ó ta ilẹ̀ ni ọmọ onílẹ̀. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ náà tí ó sì kọ́lé sórí rẹ̀ ni onílé. Nítorí kí wọ́n lè kojú ọmọ onílẹ̀ tí ń ta ilẹ̀ kan ṣoṣo fún ènìyàn méjì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ onílé fi kọ́kọ́ para pọ̀.

Bí o bá fẹ́ mọ ìdí tí ẹgbẹ́ yìí fi lágbára tó bẹ́ẹ̀, wo Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀: ṣíṣe àti títún òpópónà àti gọ́tà ṣe, iná ojú títì, kíkó ìdọ̀tí, àní sísọ òpópónà lórúkọ àti kíkọ nọ́ńbà sára ilé. Wàyí o, béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń gbé àdúgbò titun bóyá ìjọba ìbílẹ̀ ni ó gbẹ́ gọ́tà iwájú ilé rẹ̀. Àfàìmọ̀ kí ó má fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ ni ó ra yanrìn àti òkúta, ẹgbẹ́ ni ó háyà kátápílà, ẹgbẹ́ ni ó kọ orúkọ òpópónà sára pátákó. Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń ṣe, láìní àṣẹ ìjọba lọ́wọ́. Fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, nítorí inú rẹ̀ ni àǹfààní àti ìnira ẹgbẹ́ náà ti ń jáde.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ ọ́ pé "ẹgbẹ́ onílé ń mú ìlọsíwájú wá", wọn a sì dákẹ́. Ìlọsíwájú wo? Sọ ọ́. Mú ọ̀rọ̀ iná mànàmáná gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni ìjọba àpapọ̀ fa pípín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Àjọ NERC tí ń mójú tó wọn ti sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ilé-iṣẹ́ apínná ni ó yẹ kí ó máa ra tiransifọ́má. Síbẹ̀, nígbà tí tiransifọ́má bá jó, tí àdúgbò sì ti wà nínú òkùnkùn fún oṣù mẹ́ta, tí ẹja alájàpá ti bàjẹ́ nínú fíríìjì, ta ni yóò tún jókòó máa ka òfin? Ẹgbẹ́ a pe ìpàdé, wọ́n a pín iye owó náà kan ojúlé kọ̀ọ̀kan. Onílé kan ṣoṣo kò lè ra tiransifọ́má. Ọgọ́ta ilé lè rà á. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Bákan náà ni ti ààbò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn jókòó sílé nítorí àrùn kòrónà, ìbẹ̀rù àwọn ìgárá ọlọ́ṣà gba Èkó àti apá kan Ìpínlẹ̀ Ògùn kan. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ni ó ń dáná táyà ní ìkóríta, tí wọ́n ń ṣọ́nà títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Àdúgbò tí ó ti lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀, tí akọ̀wé rẹ̀ ní orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ojúlé kọ̀ọ̀kan, kò nílò láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi ara wọn pé, "Ìwọ ta ni?"

Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé ẹgbẹ́ lè rí gbogbo nǹkan. Bódìjà ní Ìbàdàn kì í ṣe àdúgbò akúṣẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ 16, oṣù kìíní ọdún 2024, ohun abúgbàmù bú níbẹ̀, ó pa ènìyàn, ó sì ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́. Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ni ó kó nǹkan náà pamọ́ sínú ilé kan. Ọlọ́dẹ lè mọ ọkọ̀ tí ó wọlé; kò lè mọ ohun tí ó wà nínú yàrá.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ ìnira rẹ̀ wò, kí a sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ó ń dùn jù lọ, èyíinì ni ayálégbé. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ti sọ ọ́: ẹgbẹ́ onílé ni, kì í ṣe ẹgbẹ́ ará àdúgbò. Onílé lè máa gbé Èkó, kí ilé rẹ̀ sì wà ní Ìbàdàn. Àwọn ayálégbé mẹ́jọ tí ó wà nínú ilé náà ni ó ń san owó ọlọ́dẹ lóṣooṣù, àwọn náà ni ó dá owó tiransifọ́má. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá dé ìpàdé, wọn a bi í léèrè ẹni tí ó pè é. Lẹ́yìn ọdún méjì, onílé a fi kún owó ilé nítorí pé iná àdúgbò ti dára. Ayálégbé tí kò bá lè san án a kó ẹrù rẹ̀, a sì fi tiransifọ́má tí ó bá wọn rà sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi kò rí bí a ṣe lè pe èyí ní àjọṣe.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín owó náà ní àbùkù tirẹ̀. Jẹ́ kí a sọ pé ẹgbẹ́ dá ₦5,000 lé ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ń gba ₦500,000 lóṣù yóò san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Opó tí ń ta ata, tí èrè rẹ̀ jẹ́ ₦50,000 lóṣù, yóò san ìdá kan nínú mẹ́wàá. Owó náà dọ́gba lójú akápò, ṣùgbọ́n kò dọ́gba nínú ìkòkò ọbẹ̀.

Kí ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tí kò bá san? Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tí ó bá ra ilé sí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ti di ọmọ ẹgbẹ́ láti ọjọ́ tí ó ti rà á, gbèsè ẹgbẹ́ sì lè so mọ́ ilé náà lábẹ́ òfin. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Níbòmíràn, ẹgbẹ́ a ní kí wọ́n já wáyà iná ẹni náà, tàbí kí ọlọ́dẹ má ṣe ṣí géètì fún un. Ẹgbẹ́ kò ní àṣẹ láti já iná ẹnikẹ́ni. Ilé-iṣẹ́ apínná ni ó ni iná.

Ọ̀rọ̀ géètì yìí gba àròjinlẹ̀. Òtítọ́ ni pé géètì tí a tì lóru ń dí olè lọ́nà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń mú aboyún ní agogo méjì òru, tí ọlọ́dẹ tí ó ní kọ́kọ́rọ́ sì ti sùn sí ìdí òpó iná kejì ńkọ́? Abala 41 nínú Ìwé Òfin fún ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti rìn ní fàlàlà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pàápàá, tí ó máa ń ní kí ènìyàn má jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìmọ́tótó oṣooṣù, rí i ní ọdún 2015 pé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ sọ pé ìséra bẹ́ẹ̀ kò bófin mu. Ní ọdún 2016, ìjọba náà fagi lé e. Bí ìjọba kò bá lè sé ènìyàn mọ́lé fún wákàtí mẹ́ta, alága tí ó ra àgádágodo kan kò lè ní ẹ̀tọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìṣirò owó ńkọ́? Mo ti jókòó ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí tí a fi wákàtí kan jiyàn lórí ewúrẹ́ tí ó jẹ òdòdó, tí a sì fi ìṣẹ́jú márùn-ún gbọ́ ìṣirò owó ọdún kan gbáko. Níbi tí kò bá sí rìsíìtì, tí alága kan náà sì ti wà lórí àga fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹgbẹ́ ti ń di nǹkan mìíràn nìyẹn. Àwọn kan tilẹ̀ ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́lé, kí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì rẹ̀ tó lè kọjá. Bẹ́ẹ̀ ohun tí ọmọ onílẹ̀ ń ṣe fún wọn gan-an nìyẹn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, ní ọjọ́ tí ìwọ náà bá fẹ́ gba ilé, má ṣe wo yàrá àti balùwẹ̀ nìkan. Béèrè iye tí ẹgbẹ́ àdúgbò ń gbà lóṣù, àti bóyá wọ́n ń já rìsíìtì fún un. Béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóru, kí o sì gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Béèrè bóyá ayálégbé lè sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Bí wọ́n bá dá ọ lóhùn pé ìyẹn kò kàn ọ́, bi wọ́n bóyá owó rẹ̀ yóò kàn ọ́, kí o tó ka owó ilé lé wọn lọ́wọ́.