ERÉKÙṢÙ ÈKÓ ÀTI ÀWỌN ONÍLẸ̀ RẸ̀

Àwa tí a ń gbé Pópó Yemọja ní Ìbàdàn yìí, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn dé ibi gbogbo nínú ìlú wa. Nítorí náà ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ nínú wa láti mọ bí omi ti í há ìlú mọ́. Ẹni tí ó bá sì ti ka ìtàn Kírétè nínú Ìwé Mímọ́, kí ó má ṣe rò pé bákan náà ni Èkó rí. Kírétè ní òkè ńláńlá láàrin òkun jíjìn. Ṣùgbọ́n Èkó jẹ́ ilẹ̀ iyanrìn àti àbàtà, tí ọ̀sà yí ká.

Àwọn Àwórì láti Ìṣẹ́rí ni a gbọ́ pé wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí Ìddó, erékùṣù kékeré tí ó wà láàrin Èkó àti Ẹ̀búté Mẹ́ta. Ọlọ́fin ni olórí wọn. Àwọn ọmọ rẹ̀ pín ilẹ̀, àwọn ni à ń pè ní Idẹ́jọ, olóyè onífìlà funfun. Ọ̀kan nínú wọn, Arómirẹ́, rékọjá sí erékùṣù ńlá, ó sì dá oko ata níbẹ̀. Nígbà tí agbára Ọba Ìbíní dé Èkó, orí oko ata yìí ni a kọ́ ààfin sí, èyí tí í ṣe Ìgá Ìdúngànrán. Ẹ kíyè sí i: ọba jókòó lórí ilẹ̀ tí a fi fún un, onílẹ̀ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Òwò ẹrú ni ó sọ ìlú náà di ọlọ́rọ̀. Kí a má sì fi òtítọ́ pamọ́, àwọn tí a kó lójú ogun ní òkè wa níhìn-ín wà lára àwọn tí a tà níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1851 àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn fọ́ ìlú. Kòsọ́kọ́ sá, ó sì di ará Ẹ̀pẹ́, a dá Akíntóyè padà sórí oyè. Lẹ́yìn èyí ni àwọn Sàró túbọ̀ ń dé sí Olówógbowó, àwọn tí ó ti Bràsíl bọ̀ sì ń kún Pópó Àgùdà.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó gbé Èkó lé Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Inú àwọn Idẹ́jọ kò dùn sí i, nítorí lójú wọn, ẹni tí kò ni ilẹ̀ kò lè fi í ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Ọgọ́ta ọdún ni ọ̀ràn yìí fi wà nílẹ̀. Ní 1921 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù dá Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, láre lórí ilẹ̀ Àpápá ní òdìkejì omi: ìwé 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, ìjọba tí ó bá sì fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ fún wọn.

Ìddó ńkọ́, níbi tí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀? Ní 1901 afárá Carter so ó mọ́ Èkó, ní ọdún kan náà tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti ibẹ̀ dé Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ni a da iyanrìn sínú omi títí ó fi lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ńlá. Ará òkè tí ó bá ń gba ibẹ̀ lọ sí Èkó lónìí lè kọjá láìmọ̀ pé erékùṣù ni.