Òkété Ẹ̀yìnkùlé àti Ìbọn Atẹ́gùn

Àwọn àgbà a máa wí pé, ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ṣùgbọ́n bí olè náà bá ń gbé abẹ́ ilẹ̀, tí ilé rẹ̀ ní ilẹ̀kùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí kì í sì í jáde àfi nígbà tí olóhun bá ti sùn, ọjọ́ olóhun a máa pẹ́ kí ó tó dé. Olè tí a ń wí yìí ni òkété. A fẹ́ ṣàlàyé ní ìwọ̀nba ọ̀rọ̀, fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, irú ẹranko tí ó jẹ́, ohun tí ìbọn atẹ́gùn lè ṣe sí i àti ohun tí kò lè ṣe, àti ọ̀nà tí ó dára jù láti gba ohun ọ̀gbìn lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe inú ìwé nìkan ni a ti rí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ṣe ojú wa, a sì jẹ̀bi nínú rẹ̀.

Ọ̀tà, ìlú àwọn Àwórì, ni ilé wa wà. Àwọn àgbà ìlú náà mọ̀ ọ́n ní ìlú àgbẹ̀ àti ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, ilé iṣẹ́ ńláńlá ti pọ̀ sí i ní agbègbè Ṣàngó, ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Níbi tí oko wà rí, ògiri gíga ni ó dúró síbẹ̀ nísinsìnyí. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé ẹranko igbó kò ní ibùgbé mọ́. Òtítọ́ ni pé ọ̀yà, tí ó ń fẹ́ pápá koríko gíga, ti jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n òkété kò lọ. Láàrin ògiri kan àti èkejì, ilẹ̀ tí a kò tíì kọ́lé sí wà níbẹ̀, ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan ṣì ń so ẹyìn, ààtàn wà, ilé tí a kọ́ tì wà, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo sì kún ẹ̀yìnkùlé. Kí ni òkété tún ń wá?

IRÚ ẸRANKO TÍ ÒKÉTÉ JẸ́

Eku ni òkété, ṣùgbọ́n ó tóbi ju eku ilé lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Èyí tí ó dàgbà lè wọn kìlógíráàmù kan tàbí kí ó lé díẹ̀, ìrù rẹ̀ a sì máa gùn tó ara rẹ̀. Ìrù yìí ni àmì tí a fi ń dá a mọ̀: ìdí rẹ̀ dúdú, ṣóńṣó rẹ̀ funfun. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un ni Cricetomys gambianus. Ó ní àpò kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún àti òmíràn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Inú àwọn àpò wọ̀nyí ni ó ń kó ẹyìn, ẹ̀pà àti àgbàdo sí, tí yóò sì gbé wọn lọ sí ihò láì jẹ wọ́n ní ojú ọ̀nà. Nítorí náà ni òkété kan ṣoṣo fi lè kó ohun tí ó ju èyí tí inú rẹ̀ gbà lọ ní òru ọjọ́ kan.

Ojú rẹ̀ kò ríran tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ mú lọ́nà ìyanu. Òru ni ó ń jáde. Inú ihò rẹ̀ pín sí yàrá yàrá: ibi tí ó ń sùn sí wà, ibi tí ó ń kó oúnjẹ pamọ́ sí sì wà lọ́tọ̀. Ẹnu ihò náà a máa ju ẹyọ kan lọ, a sì máa fara pamọ́ sí abẹ́ ewé tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí igi, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó dúró ti ọ̀kan kò ní mọ̀ pé onílé ti bá òmíràn lọ. Nǹkan bí oṣù kan ni abo fi ń lóyún, a sì lè bí ọmọ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàrin ọdún. Ní ti òwe tí a ń pa, pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu, ẹ jẹ́ kí àwa olùkọ́ ọ̀la fi sí ipò rẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú òbí ni, kì í ṣe ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kíláàsì yín kọ ọ́ sí ìwé ìdánwò.

Ní Amẹ́ríkà, ẹranko kan wà tí ó jọ òkété ní ìwà, tí a ń pè ní groundhog. Òun náà ń gbẹ́ ihò sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì ń ba ọgbà ewébẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ni òun ń jáde, ó tóbi ju òkété lọ, a sì máa sùn nínú ihò ní gbogbo ìgbà òtútù. Ìbọn atẹ́gùn ni ọ̀pọ̀ olọ́gbà níbẹ̀ fi ń lé e. Láti ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa kan ti gbọ́ pé ohun tí ó kan ni láti ra ìbọn náà, kí a jókòó sí ẹ̀yìn ilé, kí a sì máa yìn ín. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

ÌBỌN ATẸ́GÙN

Ìbọn ṣakabùlà ń lo ẹ̀tù àti iná. Ìbọn atẹ́gùn kò lo ọ̀kankan nínú méjèèjì. Bí a bá fi àtàǹpàkò dí ẹnu pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́, tí a sì tẹ ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀, a óò rí i pé atẹ́gùn inú rẹ̀ ń ti àtàǹpàkò wa jáde pẹ̀lú agbára. Báyìí gan-an ni ìbọn yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú irú èyí tí ó wọ́pọ̀, bí a bá ṣẹ́ irin iwájú rẹ̀ wálẹ̀, sípíríǹgì líle kan a ká jọ nínú rẹ̀. Bí a bá yìn ín, sípíríǹgì náà a tú lójijì, a ti irin kan síwájú, irin náà a fún atẹ́gùn pọ̀, atẹ́gùn a sì ta ọta òjé kékeré kan jáde. Ọta náà kò nípọn ju mílímítà 4.5 tàbí 5.5 lọ.

Ohun àtijọ́ ni. Àwọn ọmọ ogun Austria ti gbé irú ìbọn atẹ́gùn kan ní nǹkan bí 1780, Lewis àti Clark sì mú ọ̀kan lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n la ilẹ̀ Amẹ́ríkà já láàrin 1804 àti 1806. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ohun ìṣeré. Ọta rẹ̀ lè rìn kọjá 200 mítà, bí ó bá sì lu òkúta tàbí ògiri, ó lè ta padà wá bá ẹni tí ó yìn ín. Síbẹ̀, agbára rẹ̀ kò tó láti pa òkété ní ibikíbi tí ó bá bá a. Àfi bí ó bá bá a ní orí gan-an, láti ibi tí kò jìnnà, ni ẹranko náà yóò kú lójú kan náà. Bí ó bá bá a ní itan tàbí ní ikùn, yóò gbé ọgbẹ́ náà wọ inú ihò lọ, yóò sì jẹ̀rora kí ó tó kú. Ta ni nínú wa tí ó lè rí orí òkété ní òru dúdú, láàrin ewé ẹ̀gẹ́, kí ó sì dá a lójú?

Ọ̀ràn òfin tún wà níbẹ̀. Òfin Ìbọn ti ilẹ̀ Nàìjíríà, tí a ṣe ní 1959, ka ìbọn atẹ́gùn mọ́ àwọn ìbọn tí ènìyàn kò gbọdọ̀ ní láì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ní ipò kan náà pẹ̀lú ìbọn ìṣọdẹ òyìnbó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ èyí. Wọ́n rò pé ohun tí kò ní ẹ̀tù nínú kì í ṣe ìbọn.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ìyá wa gbin ẹ̀gẹ́ sí orí 40 ebè ní ẹ̀yìnkùlé wa, ó sì gbin ẹ̀pà sí àárín wọn. Nínú gààrí tí ó ń yan ni owó ìwé wa ti ń jáde, àti ti àbúrò wa. Nígbà tí a dé ilé fún ìsinmi, a bá a níbi tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ebè, tí ó ń ka àwọn tí òkété ti wú. Wọ́n jẹ́ 13. Kò sọkún, ó kàn ń kà wọ́n ni.

Inú bí wa. Ìbátan wa kan ní ìbọn atẹ́gùn, kò sì ní ìwé àṣẹ kankan. A tọrọ rẹ̀, a kò sì sọ fún ìyá wa. Àwa àti àbúrò wa ṣọ́ ẹ̀yìnkùlé ní òru mẹ́ta: òun mú tọ́ọ̀ṣì, àwa mú ìbọn. Ní òru kìíní, a kò rí nǹkan kan. Ní òru kejì, a yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta, a kò bá a. Ní òru kẹta, a gbọ́ igbe rẹ̀; ó fò sókè, ó sì wọ ihò lọ. Inú wa dùn títí di ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà, nígbà tí òórùn òkú ẹran bẹ̀rẹ̀ sí jáde láti abẹ́ ilẹ̀, lẹ́bàá kànga.

Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni ó bà wá lẹ́rù. Ní òwúrọ̀ kan, aládùúgbò wa kan wọlé, ó kí ìyá wa, ó sì na ọwọ́ sí i. Ọta òjé kan ni ó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Pákó fèrèsé yàrá àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ti fi ọ̀bẹ yọ ọ́. Kò pariwo, kò sì bú wa. Ìyá wa kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó lọ tán, ó yíjú sí wa, ó ní, “Ẹ̀gẹ́ ni mo ń sunkún sí nínú, ṣé ojú ọmọ ọlọ́mọ ni ẹ wá fẹ́ fi bá mi gbà á padà?” A kò rí èsì fọ̀. Ní ọjọ́ náà ni a dá ìbọn padà.

Ọ̀NÀ TÍ Ó SÀN JÙ

Bàbá ọdẹ kan ní àdúgbò wa ni ó kọ́ wa ní ohun tí ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ ṣe. Ó ní, bí ẹ bá fẹ́ mú olè, ẹ mọ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ná. Ó mú wa rìn yí ẹ̀yìnkùlé ká ní òwúrọ̀, a sì rí ẹnu ihò mẹ́rin; àwa ti rò pé ọ̀kan ni.

Èkíní, a gbá ààtàn kúrò, a ṣán igbó ẹ̀gbẹ́ ògiri, a sì ń ṣa ẹyìn tí ó bá jábọ́ ní ojoojúmọ́, nítorí pé ibi tí oúnjẹ àti ibi ìfarapamọ́ kò bá sí, òkété kì í pẹ́ níbẹ̀. Èkejì, a fi òkúta dí ihò mẹ́ta, a sì fi ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, a dẹ pàkúté sí ojú ọ̀nà rẹ̀, a sì fi ẹyìn ṣe ìdẹ. A fi èèpẹ̀ pa ọwọ́ kí a tó fi kàn án, nítorí imú rẹ̀. A ń dẹ ẹ́ lẹ́yìn tí àwọn ọmọdé bá ti wọlé, a sì ń tú u ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ẹ̀kẹrin, a ri páànù sínú ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ebè tí ó kù. Láàrin ọjọ́ 9, a mú mẹ́ta. Ebè 27 tí ó ṣẹ́kù kò dín mọ́ títí a fi padà sí ilé ẹ̀kọ́.

Ní ti májèlé, a kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti lò ó. Òkété tí ó bá jẹ ẹ́ lè kú sí ibòmíràn, ajá tàbí ènìyàn tí kò mọ̀ sì lè jẹ ẹran náà.

Ẹran òkété dùn, a kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ní 2003, a kó ẹranko láti Ghana lọ sí Amẹ́ríkà fún títà, òkété sì wà láàrin wọn. Wọ́n kó àrùn mpox ran àwọn ẹranko kan tí ó jẹ́ ìbátan groundhog, àwọn yẹn sì kó o ran ènìyàn: 47 ni a kà, kò sì sí ẹni tí ó kú. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá ń pa òkété lára má ṣe jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kan ojú egbò, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ó sì se ẹran náà jinná dáadáa.

ÀKÓTÁN

Kí a tó parí, ẹ jẹ́ kí a fún olè yìí ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tí a ń pè ní APOPO, tí a dá sílẹ̀ ní 1997, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Morogoro ní ilẹ̀ Tanzania, ń kọ́ ìbátan òkété wa láti fi imú wá bọ́ǹbù tí a rì sínú ilẹ̀ nígbà ogun. Ọ̀kan nínú wọn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Magawa, rí bọ́ǹbù 71 ní Cambodia; ní 2020, a fi àmì ẹ̀yẹ wúrà dá a lọ́lá ní Ìlú Ọba. Imú kan náà tí ó ń wá ẹ̀gẹ́ ìyá wa ní Ọ̀tà ni ó ń gba ẹsẹ̀ àwọn ọmọ àgbẹ̀ là ní ibòmíràn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, láìpẹ́ a óò tú ká sí oríṣiríṣi ilé ẹ̀kọ́, oko ilé ẹ̀kọ́ yóò sì wà níbẹ̀, òkété pẹ̀lú. Àwọn ọmọ yóò fẹ́ mú róbà, wọn yóò fẹ́ mú ìbọn. Kí a kọ́ wọn láti mọ ẹranko náà kí wọ́n tó gbógun tì í, kí wọ́n mọ ohun tí òfin wí, kí wọ́n sì bi ara wọn léèrè ohun tí ó wà lẹ́yìn ibi tí ọta ń lọ. Àwa kò béèrè, ọlá Ọlọ́run ni pé pákó fèrèsé nìkan ni ó wà níbẹ̀.